Ìgò Tí Kò Dúdú

Orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ látinú ilẹ̀, lẹ́yìn náà èjìká, lẹ́yìn náà apá méjèèjì tó ń gun okùn bọ̀. Ẹrẹ̀ pupa bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Ọmọbìnrin tó dúró létí kànga, àpótí ìgò lọ́wọ́, fẹ́ sá, ẹ̀rín ni kò jẹ́.

"Ṣé òkú ni àbí alààyè?"

"Alààyè ni. Àmọ́ tó o bá tún rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́."

Agbẹ́kànga ni ọkùnrin náà. Ọmọbìnrin náà ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó odò ìlú àti gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọnú odò náà. Ó ń kọ́ àwọn ará àdúgbò bí ẹ̀gbin ṣe ń gba abẹ́ ilẹ̀ rìn láti ṣáláńgá wá sínú omi mímu. Ó tún ń yẹ kànga wò, iyẹn sì ni kì í jẹ́ káwọn èèyàn fẹ́ rí i. Ìgò kékeré tó ní oògùn nínú ló fi ń bu omi. Bí ẹ̀gbin bá sọ omi náà di dúdú lọ́jọ́ kejì, ọ̀dà pupa ló máa fi kun ẹnu kànga, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mu níbẹ̀ mọ́.

"Omi kànga tí mo bá gbẹ́ kì í dúdú, Dókítà Omi."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀, Ẹlẹ́rẹ̀."

"Wá wò ó lọ́la nígbà náà. Wá wò ó lọ́túnla pẹ̀lú."

Ó wá. Ó wá títí ọ̀rọ̀ fi di ìfẹ́, tí kò sì sí ẹni tó ń dárúkọ kànga mọ́.

Ìyá ọkùnrin náà ló kù tí kò tíì gbà. Kànga kan wà lágbàlá rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ gbẹ́ kó tó kú, gbogbo ilé ló ń mu níbẹ̀, títí kan aránṣọ tó háyà yàrá iwájú àti ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Ẹni tó ra ilẹ̀ òkè ti wá gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́yìn ògiri wọn.

"Mo gbọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe," ni ìyá wí fún ọmọ rẹ̀ nípa Dókítà Omi. "Ọjọ́ tó bá fi ọ̀dà kan kànga ọkọ mi, kó má ronú àtiwọ ilé yìí."

Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún agbẹ́kànga ibi tí omi ṣáláńgá ń gbà. Ó mọ̀. Ó kàn fẹ́ràn obìnrin méjèèjì ni.

Òfin kan ni ọmọbìnrin náà ní: ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan ìgò. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ìyá gbé àga fún un. "Jókòó, ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó jókòó.

"Mú un wá, jẹ́ n bá ẹ bù ú," ni Ẹlẹ́rẹ̀ wí. Ọmọbìnrin náà gbé ìgò lé e lọ́wọ́. Omi tí ọkùnrin náà ti sè, tó sì ti tutù, wà nílé ìdáná. Òun ló rọ sínú ìgò.

Ìgò kò dúdú. Ìyá gbà. Ọkùnrin náà sọ fún ara rẹ̀ pé lẹ́yìn ìgbéyàwó, òun á gbẹ́ kànga mìíràn jìnnà sí ṣáláńgá. Òjò ò dúró de ìgbéyàwó. Lẹ́yìn òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá ńlá kan, ọmọ aránṣọ jí pẹ̀lú ìgbẹ́ gbuuru. Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ ti lọ.

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi. Lọ́jọ́ kejì, ìgò dúdú bí èédú.

"Omi wo lo bù fún mi níjọ́sí?"

"Omi tí mo sè. Mi ò fẹ́ pàdánù ẹ."

"Ọmọ ọlọ́mọ lo fi rà mí." Ó bú sẹ́kún. "Èmi náà sì ni mo gbé ìgò fún ẹ, nítorí àga."

Ó lọ jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì. Wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Ìyá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Òun ló kọ́kọ́ ru iyanrìn dà sínú kànga ọkọ rẹ̀.

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú aránṣọ. Kò wò wọ́n.

"Ẹ dìde. Ẹ̀bẹ̀ ò lè jí i. Ibi tẹ́ ẹ bá ti lọ kọ́ wọn nípa omi, ọmọ mi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Ẹ sọ ẹni tó se omi. Ẹ sọ ẹni tó jókòó."

Wọ́n ń sọ ọ́. Àgbàlá dé àgbàlá, ọkùnrin náà ń tẹ̀ lé e lókèèrè. Ìfẹ́ náà ò kú. Ìbínú ló bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan lé wọn jáde pé apààyàn ni wọ́n. Ọmọbìnrin náà dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì di apá ọkùnrin náà mú.

"Mi ò lẹ́nu tí mo lè fi bẹ̀ ẹ́ mọ́," ni ọkùnrin náà wí.

"Má bẹ̀ mí. Fẹ́ mi. Mi ò lè dá ẹrù yìí rù, ìwọ náà ò lè dá a rù."

Kóòtù ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀, láìsí ìlù, láìsí orin. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ará àgbàlá kan ń retí ẹ̀kọ́ wọn. Wọ́n lọ pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó lọ́rùn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kí wọn kú oríire.

Ọkọ dìde dúró. "Ẹ káàsán o. Ọmọbìnrin kékeré kan ń gbé ilé wa."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ tirẹ̀ tán, lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì sọ tòun.