Bó Bá Ta Ọ́, Fara Dà Á

Àǹtí Bàṣírát kán omi sóódà díẹ̀ sínú ìpara irorẹ́, ó rò ó pọ̀, ó ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó bọ̀ ọ́, ó sì tẹjú mọ́ àwọ̀ tí bébà náà yí sí. Ó mirí. Ó tún kán òmíràn.

"Àǹtí, ṣé sóódà tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ lẹ fẹ́ kí èèyàn fi pa ojú?" Bàlíkísù bi í.

"Òun náà ni. Ásíìdì inú ìpara yìí ló ń bó awọ tó ti kú kúrò, àmọ́ bó bá kan jù, á bó èyí tó wà láàyè mọ́ ọn. Sóódà ló ń pa kíkan rẹ̀ kù. Bó bá kéré, ewu ni. Bó bá pọ̀ jù, ewu ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ilé iṣẹ́ kan ní Lẹ́kkí Free Zone ni Àǹtí ti kọ́ṣẹ́ kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé wọn ní Thomas Estate. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ẹni tó bá po ìpara ló máa kọ́kọ́ fi pa apá ara rẹ̀, kí ilẹ̀ sì mọ́ kó tó fún ẹlòmíràn.

Bàlíkísù, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, gbọ́, ṣùgbọ́n kò wọ̀ ọ́ létí. Lójú tiẹ̀, ṣe ni sóódà ń sọ ìpara di ọ̀lẹ. Ṣebí gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì wọn ló gbà pé ìpara tó bá ń tani ló ń ṣiṣẹ́? Ta ló kọ́ wọn? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ìyanu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ni wọ́n yàn láti sọ̀rọ̀ ìdágbére lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n máa kúrò nílé ìwé. Iwájú orí rẹ̀ sì kún fún irorẹ́.

"Báàlí, ṣé orí báyìí ni màá gbé síwájú gbogbo ayé? Jọ̀ọ́, wá nǹkan sí i, sharp sharp!"

Lọ́jọ́bọ̀, Àǹtí po ìpara tuntun. Kò tíì kán sóódà sí i tí wọ́n fi pè é sí géètì. Kó tó padà, Bàlíkísù ti bu díẹ̀ sínú ike kékeré. Kò fi kan apá rẹ̀ rárá. Sátidé ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Òjò ń rọ̀ nígbà tó dé ilé Ìyanu, tó sì fi pa á níwájú orí.

"Ó ń ta mí o! Ṣé o ti dán an wò lára ẹ?"

"Mo ti dán an wò." Irọ́ gbuu.

Ìyanu dìde kó lọ bomi ṣan ojú, Bàlíkísù dì í lọ́wọ́ mú. "Jókòó jàre. Bó bá ta ọ́, fara dà á."

Ìyanu gbà á gbọ́. Ó jókòó, omijé ń dà lójú rẹ̀, títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Nígbà tó wá fọjú, awọ bá aṣọ ìnura lọ.

Ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀ ìdágbére. Dókítà ní ásíìdì ló jó o, ó ní àpá náà lè rọ̀, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé yóò parẹ́.

Àǹtí ò na Bàlíkísù. Ó kàn lọ kúnlẹ̀ síwájú Màmá Ìyanu, obìnrin tí kò tó o lọ́jọ́ orí, ó ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bàlíkísù níbi tó kúnlẹ̀ sí lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó padà lọ bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ìyanu ti wé gèlè wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú.

"Mo sọ fún ẹ pé ó ń ta mí," ló wí jẹ́jẹ́. "Omi wà nílé, Báàlí. Ìwọ lo dì mí lọ́wọ́ mú."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Lónìí, kò sí ìpara tó jáde nílé Àǹtí tí Bàlíkísù ò kọ́kọ́ fi pa apá rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá tó ń fi ìpara pa lónìí ò lè bo àpá ojú Ìyanu. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ ò bá lè fi sára yín, ẹ má fi dán ara ẹlòmíràn wò. Bí ara bá sì ní ó ń ta òun, òótọ́ ló ń sọ: ẹ tètè bomi.