Ọtí Tí Kì Í Bá Kéèkì Rẹ́

Itọ́ ni mo fi kí ọkọ mi lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé.

Mo gbé kéèkì tí màmá mi ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọtí tuntun tó wà ní òdìkejì títì wa. Ọlọ́tí, ọkùnrin gíga kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì bu wáìnì funfun díẹ̀ fún mi. Kò mọ̀ pé mo ti ń lá ṣúgà àti bọ́tà tó kù ní ìka mi bọ̀ láti ilé. Bí wáìnì náà ṣe kan ahọ́n mi báyìí, kíkan ló kan. Mo tu ú, àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ló bà sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú!" Ojú tì mí bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ẹ̀rín ló bú sí. "Kéèkì lẹ jẹ, àbí? Ẹ fomi yọ ẹnu." Ó gé nínú ẹja díndín tó ń jẹ lọ́sàn-án náà fún mi, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. "Ó yá, ẹ tún un mu."

Mo mu ún. Ó tutù, ó ta létí ahọ́n, òórùn rẹ̀ dà bí ápù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó sì gbá òróró ẹja kúrò lẹ́nu mi pátápátá.

"Ṣé ó dùn?"

"Kò dùn. Ẹ bù sí i."

Bí ìfẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí n kì í wá àwáwí sọdá títì. Oníkéèkì mi ló ń pè mí. Ó kọ́ mi pé wáìnì yẹn kò ní ṣúgà nínú, iyọ̀ ló sì fẹ́ràn: edé, adìyẹ sísun, wàràkàṣì. Bó bá pàdé ṣúgà lẹ́nu èèyàn, ńṣe ló máa kan.

Màmá mi nìkan ló tọ́ mi, owó kéèkì ni wọ́n sì fi tọ́ mi. Bí wọn ò bá fọwọ́ sí i, kò sí ọkọ tí mo lè fẹ́. Lọ́jọ́ tí Ọlọ́tí wá kí wọn, ó gbé ìgò tó dára jù lọ́wọ́. Kí n tó jáde láti ilé ìdáná, màmá mi ti gé kéèkì síwájú rẹ̀ àti síwájú ara wọn.

Mo rí i tó wo ife, tó wo kéèkì, tó wò mí. Ó sì bu wáìnì náà fún wọn. Màmá mi jẹ kéèkì, wọ́n mu wáìnì lé e, ojú wọn sì fún pọ̀.

"Ọtí kíkan lo gbé wá fẹ́ ọmọ mi?"

"Ẹ má bínú, mà."

Ó lọ tán ni wọ́n ní kò sí ìgbéyàwó kankan níbẹ̀. Mo sunkún, inú sì bí mi sí Ọlọ́tí, mo sọdá títì lọ bá a. "Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

"Kí n ní kéèkì Mọ́mì ló ba ọtí mi jẹ́? Nínú ilé wọn? Ìfẹ́ mi, ẹnu mi ò gbà á."

Màmá mi kì í ṣe kéèkì lọ́jọ́ Sunday. Nígbà tí Sunday dé, mo sun ẹja, mo fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo sì bu ìyókù ìgò ọjọ́ yẹn látinú fíríìjì síwájú wọn. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n tún na ife sí mi.

"Níbo lo ti ra èyí?"

"Ìgò tí ẹ kọ̀ yẹn ni, mà." Mo ṣàlàyé ohun tí ṣúgà ń ṣe sí wáìnì náà, àti bí mo ṣe tu tèmi sí ṣẹ́ẹ̀tì Ọlọ́tí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Wọn ò jẹun mọ́. "Ó mọ̀?"

"Ó mọ̀, mà."

"Kò sì sọ?"

"Ó ní ẹnu òun ò gbà á, nínú ilé yín."

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ọmọkùnrin yìí gbà kí n lé òun dànù, dípò kó bẹnu àtẹ́ lu kéèkì mi! Sáré pè é wá kí ẹja tó tutù."

Láìwọ bàtà ni mo sọdá títì.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, kéèkì alájà mẹ́ta ni màmá mi ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àwo ọlọ́mọrí kan wá síwájú wa: bísíkíìtì pẹlẹbẹ oníwàràkàṣì, iyọ̀ lórí rẹ̀, kò sí hóró ṣúgà kan níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn rí.

Ọkọ mi mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Màmá mi fọwọ́ ara wọn bu wáìnì fún un, wọ́n bu tèmi náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n ti ife omi kan sún mọ́ mi.

"Ìwọ yọ ẹnu rẹ kí o tó mu ún," ni wọ́n wí. "Ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ funfun o."