Àwọn Ọmọ-Ogun Abẹ́ Awọ

Ọkùnrin kan tó jẹ́ dókítà awọ ara dojú dé awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ń bá ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Ẹ rọra. Ta ló tilẹ̀ pè yín? Ẹ padà sílé."

Ọmọge aránṣọ kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò mọ̀gbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti wú, ó sì ti là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.

"Ẹ má bínú," ni ọkùnrin náà wí, ojú tì í. "Àwọn ọmọ-ogun abẹ́ awọ ni mò ń bá wí."

"Ṣé wọ́n ń gbọ́?"

"Olórí kunkun ni wọ́n."

Ó lẹ oríṣiríṣi nǹkan mọ́ aránṣọ náà lẹ́yìn láti mọ èyí tí awọ rẹ̀ kò fẹ́. Nígbà tí aránṣọ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ojú ibì kan ṣoṣo ló pọ́n: ibi tí níkẹ́ẹ̀lì wà, irin tí wọ́n ń pò mọ́ abẹ́rẹ́ àti ẹ̀gbà ọrùn olówó pọ́ọ́kú.

"Bí irin yìí bá kàn yín lára, awọ yín á figbe ta," ló ṣàlàyé. "Igbe náà á wọnú ẹ̀jẹ̀ lọ bí òórùn. Àwọn ọmọ-ogun tó ń kọjá lọ á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á rá pálá gba ara ògiri iṣan jáde, wọ́n á tọ òórùn náà dé ìdí ọ̀rọ̀, wọ́n á sì dá ìjà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀tá níbẹ̀."

"Ìjà asán."

"Asán pátápátá. Wọn kì í sì í gbàgbé. Bí irin náà bá tún dé, kíá ni wọ́n á dé."

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀wọ́ ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ sì ń bọ̀ sípò. Ni ọkùnrin náà bá sọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ di ilé. Bí bọ́tìnnì rẹ̀ kò bá já fúnra rẹ̀, á fà á já.

"Ṣé ṣòkòtò yìí ń ya fúnra rẹ̀ ni, àbí ẹ̀ ń bá a jìjàkadì?"

"Òun ló ń wá ọ̀nà àtirí yín, ìdùnnú mi."

Lọ́jọ́ kan ó ra ẹ̀gbà ọrùn tó ń kọ mànà fún un. Ìfẹ́ kò jẹ́ kó bi ọlọ́jà ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìtìjú kò sì jẹ́ kí ọmọge bi í. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ọrùn aránṣọ ti pọ́n bí ata.

Nígbà tí ọkùnrin náà dé ilé wọn, ìyá aránṣọ dí ẹnu ọ̀nà. "Ara ọmọ mi ti kọ̀ ọ́. Ohun tí ara bá kọ̀, a kì í fi dandan gbé e. Má dé ibí mọ́."

"Màmá, ẹ̀bi mi ni," ni ọkùnrin náà wí, ó dọ̀bálẹ̀. "Èmi tí mo yẹ awọ rẹ̀ wò, èmi náà ni mo lọ ra irin fún un. Inú mi ló dùn jù, orí mi kò sí nílé."

Aránṣọ kì í fèsì bí ìyá rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó jáde láti yàrá.

"Ìyá mi, irin ni ara mi kọ̀, òun kọ́. Àwọn ọmọ-ogun yẹn kò mọ àlejò yàtọ̀ sí ọ̀tá. Èmi mọ̀ ọ́n. Òun ni mo fẹ́."

Ìyá yíjú sí i. "Ìgbà wo lo kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ, dìde, wọlé. Ẹni tó lè sọ pé ẹ̀bi òun ni, ó ṣeé bá gbélé. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọ̀hún?"

Ọkùnrin náà dìde, ó wọlé.

"Bí ọrùn mi bá ti san," ni aránṣọ wí.

"Kò ní í pẹ́," ni ọkùnrin náà wí, ó sáré fa ìpara yọ nínú àpò. "Èmi ni màá máa fi pa á láràárọ̀."

"Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé!" Ìyá já ìpara gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín.