Pẹpẹ Tí Káfíńtà Kàn

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í kan pẹpẹ tuntun sínú sítọ́ọ̀ Bọ̀ọ̀dá Àgbà, kò sí ohun tó jọ wàhálà níbẹ̀ rárá. Pákó ti wà nílẹ̀, ìṣó wà nínú agolo, Káfíńtà ń súfèé. Bọ̀ọ̀dá Àgbà káwọ́ sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo àwọn páálí tí wọ́n tò dé àjà, tí wọ́n sì fi tapólì bò.

"Káfíńtà, kó lágbára o. Mi ò fẹ́ pẹpẹ tí á máa mì bí eyín arúgbó."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, bí mo bá kàn án tán, ẹ gùn ún kẹ́ ẹ jó lórí rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó lé e gan-an?"

"Ọjà ni."

Ó tán. Ọjà ni. Ká ní ó dárúkọ ọjà náà fún un ni, n kì bá tí máa kọ ìtàn yìí. Ìnhélà ló wà lábẹ́ tapólì, ike kékeré tí àwọn oníkọ́ fée máa ń fà sẹ́nu nígbà tí èémí wọn bá fẹ́ há. Káfíńtà sì ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo nílé tó ń fi ìnhélà mí. Àwọn ará àdúgbò ń pe ọmọ náà ní Tíṣà Kékeré, nítorí pé bó bá ti ilé ìwé dé, á kó àwọn ọmọ tó kéré sí i jọ sí abẹ́ òrùlé ibi iṣẹ́ bàbá rẹ̀, á máa fi ẹfun kọ ìwé fún wọn lára pákó.

Òwò ìyá wọn ni Bọ̀ọ̀dá Àgbà àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ń ṣe. Màmá wọn ló ti ń ta oògùn kí wọ́n tó bí wọn, nígbà tí ara rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó pín iṣẹ́ náà fún wọn. Bọ̀ọ̀dá Àgbà ló ń ra oògùn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, tó ń kó o pamọ́ sí sítọ́ọ̀. Sístà, èyí tó tẹ̀ lé e, ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń pín in fún àwọn ṣọ́ọ̀bù káàkiri ìlú. Àbígbẹ̀yìn ló ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀, tó ń tà á fún àwọn tó ń mu ún. Bí oògùn ṣe ń ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bọ́ sọ́wọ́ àbúrò títí dé ọwọ́ aláìsàn nìyẹn. Kò sí ọ̀nà tó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bá ara wọn yan odì.

Kí ló fa odì? Eré ni o. Àwọn àgbàlagbà ń bínú nítorí eré.

Ẹgbẹ́ àwọn olóògùn ló pe olùkọ́ obìnrin kan wá kí ó wá fi eré kan kọ́ wọn bí ọjà ṣe ń rìn láti ilé iṣẹ́ títí dé ọwọ́ oníbàárà. Ó tẹ́ tábìlì kalẹ̀. Ó fi Àbígbẹ̀yìn sídìí ti ṣọ́ọ̀bù, ó fi Sístà sí ti alágbàtà, ó fi Bọ̀ọ̀dá Àgbà sí ti sítọ́ọ̀ ńlá, òun fúnra rẹ̀ ń ṣe bí ilé iṣẹ́. Òfin eré náà ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Iye ọjà tí o bá fẹ́, kọ ọ́ sí bébà pélébé kí o tì í sí tábìlì kejì. Ọjà tí o bá bèèrè kò ní dé lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí oníbàárà bá bá pẹpẹ rẹ̀ lófìfo á san ìtanràn. Ẹni tí ọjà bá kún lọ́wọ́ rẹ̀ náà á san, ṣùgbọ́n ìdajì ti ẹni àkọ́kọ́ ni.

Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi dojú rú. Ọjà fẹ́ tán lọ́wọ́ Àbígbẹ̀yìn, ẹ̀rù bà á, ó kọ iye tó ju ohun tó ń tà lọ. Sístà rí i, ó fi ẹ̀rù tirẹ̀ kún un. Bọ̀ọ̀dá Àgbà náà fi tirẹ̀ lé e. Pẹpẹ gbogbo wọn kọ́kọ́ ṣófo, wọ́n ń bèèrè sí i, àfìgbà tí ọjà ya dé bí omíyalé tó bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Ni ariwo bá sọ.

"Ìwọ lo ba eré jẹ́!" Bọ̀ọ̀dá Àgbà ló ń nàka sí Sístà.

"Èmi kẹ̀? Bọ̀ọ̀dá mi, ojúkòkòrò yín ló bà á jẹ́, kì í ṣe èmi!"

Olùkọ́ náà dúró títí wọ́n fi pariwo tán. Ó wá ṣí káàdì tí wọ́n kọ iye tí oníbàárà rà sí hàn wọ́n. "Ẹ wò ó," ó ní, "ẹ̀ẹ̀kan péré ni oníbàárà yìí fi díẹ̀ kún ohun tó ń rà, kò sì yí i padà mọ́ títí eré fi parí. Gbogbo ìjì tó kù, ọwọ́ ara yín lẹ fi fà á. Bébà tí wọ́n tì sí i ni kálukú ń wò. Kò sẹ́ni tó lè bèèrè pé, 'Kí ni oníbàárà rà gan-an?' Èmi ni mo fi òfin dì yín lẹ́nu níbí. Nínú ọjà gidi, kò sẹ́ni tó dì yín lẹ́nu. Ẹ máa bá ara yín sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ọmọ tó ń fi ẹfun kọ ìwé lára pákó á gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n mú relé. Sístà mú ìbínú relé. Àbígbẹ̀yìn mú ìtìjú. Bọ̀ọ̀dá Àgbà ní tirẹ̀ kò rántí nǹkan kan àfi ìtanràn. "Mo ti kọ́gbọ́n," ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Pẹpẹ òfìfo ló ń pa oníṣòwò. Tèmi ò ní ṣófo láéláé." Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ ọjà lọ́wọ́ èkejì, bébà ni yóò kọ, ọlọ́kadà ni yóò sì fi rán. Wọ́n fi ẹ̀kọ́ eré sílẹ̀ sínú gbọ̀ngàn, wọ́n gbé òfin rẹ̀ wálé.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń la títì dé àdúgbò, eruku bo gbogbo ilé. Àwọn oníkọ́ fée bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìnhélà díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Mo ní díẹ̀. Àbígbẹ̀yìn rí i, àyà rẹ̀ já, ó kọ ìlọ́po méjì. Sístà gba bébà, kò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó kọ ìlọ́po ti ìlọ́po. Bọ̀ọ̀dá Àgbà rí tirẹ̀, ó ní, "Ọ̀wọ́n ń bọ̀!" Ó ní kí ilé iṣẹ́ kó ìnhélà kún ọkọ̀ àjàgbé wá. Wọ́n sì kó o wá láìyọ ọ̀kan. Àmọ́ kò jẹ́ kó jáde. Ó ní irọ́ tí Sístà pa nínú eré ló tún ń pa, bí òun bá kó gbogbo rẹ̀ fún un, pẹpẹ òun á ṣófo. Ìwọ̀nba tó yọ fún Sístà, Sístà fi ìdajì rẹ̀ pamọ́ nítorí ọjọ́ iwájú. Ṣọ́ọ̀bù kò rí nǹkan kan gbà, Àbígbẹ̀yìn wá kọ bébà tó tún ga jù ti àkọ́kọ́ lọ. Bí bébà ṣe ń ga ni Bọ̀ọ̀dá Àgbà ń wí pé, "Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ó wá pe Káfíńtà pé kó wá kan pẹpẹ sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ó mú Tíṣà Kékeré lọ́wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà ń mí pẹ̀lú ìró bíńtín kan, bíi fèrè.

"Ẹ kú ọjà o. Ìnhélà ọmọ yìí ló tán. Ẹ bá mi mú ọ̀kan."

"Kò sí, Káfíńtà," Àbígbẹ̀yìn dáhùn, kò wo ojú rẹ̀.

"Wọ́n ní kò sí ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún náà. Kí ló dé?"

"Ilé iṣẹ́ ni ò ṣe é mọ́. Ọ̀wọ́n ni."

Ta ló sọ fún un? Kò sẹ́nì kankan. Ó kàn sọ ọ́ ni. Ọmọ náà gbé ojú sókè. "Bọ̀ọ̀dá, ṣé á wà lọ́la?"

"Á wà. Ẹ padà wá lọ́la."

Fóònù wà lórí káńtà níwájú rẹ̀. Ó wò ó. Bó bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ó dojú fóònù délẹ̀. Kò tilẹ̀ sọ fún bàbá ọmọ pé ọmọ tí èémí rẹ̀ bá ń súfèé báyìí, tí ìnhélà kò sì sí, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má ṣe dúró dọ̀la. Olóògùn ni. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Káfíńtà wà lórí àkàbà ní sítọ́ọ̀, ìyàwó rẹ̀ pè é. Igbe ló ń ké. "Bàbá Tíṣà! Ọmọ ò lè mí! Ètè rẹ̀ ti dúdú!" Òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Àgbà kò sí níbẹ̀. Káfíńtà fọwọ́ ti ọ̀kan nínú àwọn páálí abẹ́ tapólì kí òun má bàa ṣubú, ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré jáde.

Wọn kò bá ọmọ náà dé ilé ìwòsàn láàyè. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni, tàbí ká ní ó rí ìnhélà rẹ̀ fà nígbà tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó yè é.

Màmá ló kọ́kọ́ lọ kí Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀. Ó gbọ́ pé nítorí àìsí ìnhélà ni. Arúgbó náà dìde, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ. "Ìwọ, ṣé o bi ẹ̀gbọ́n rẹ bóyá ó wà lọ́wọ́ rẹ̀?" Àbígbẹ̀yìn mirí pé rárá. Màmá ní kó tẹ̀ lé òun. Ó ránṣẹ́ pe Sístà. Nígbà tí gbogbo wọn pé ní sítọ́ọ̀, Màmá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa tapólì náà wálẹ̀.

Páálí ìnhélà ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, lábẹ́ páànù tó ń mú bí iná, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí pé kí wọ́n má ṣe kó o síbi tó gbóná.

"Màmá, mi ò mọ̀ pé…" Bọ̀ọ̀dá Àgbà bẹ̀rẹ̀.

"Pa ẹnu rẹ mọ́! O ò mọ̀, torí pé o ò bèèrè! Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹ̀yin ò bèèrè, ẹ ṣìnà títí ẹ fi tẹ ọmọ ọlọ́mọ pa!" Ó yíjú sí Sístà. "Ìwọ ńkọ́? Mélòó ló wà nílé rẹ?"

Sístà ń sunkún. "Ó wà, Màmá. Mo rò pé…"

"Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ẹ̀yin ń jà, ọmọ Káfíńtà ló kú. Kí ni eruku yẹn fi kún ọjà yín gan-an? Ìwọ tó ò ń tà á, sọ!"

Àbígbẹ̀yìn tẹrí ba. "Kò ju díẹ̀ lọ, Màmá. Ẹ̀ẹ̀kan ló lọ sókè. Kò tún lé mọ́."

Ohun tí olùkọ́ náà sọ fún wọn gẹ́lẹ́ ni.

Ibi tí wọ́n dúró sí nìyẹn tí Káfíńtà fi wọlé. Kò wí fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Ó wo àwọn páálí náà. Ó sún mọ́ wọn, ó ka ohun tó wà lára wọn, ó gbé ọwọ́ lé èyí tó fọwọ́ tì lọ́jọ́ náà. Bọ̀ọ̀dá Àgbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pákó.

"Káfíńtà, ẹ dárí jì mí."

Káfíńtà rékọjá rẹ̀. Ó mú òòlù rẹ̀ nílẹ̀ níbi tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gun àkàbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìṣó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tú pẹpẹ náà palẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó di pákó rẹ̀ lókùn. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló tó sọ̀rọ̀.

"Mo bi yín pé kí lẹ fẹ́ kó lé e. Ẹ ní ọjà."

Àwọn aláṣẹ oògùn ti sítọ́ọ̀ náà pa. Wọ́n ní ooru ti ba ọ̀pọ̀ nínú ìnhélà náà jẹ́, wọ́n kó wọn lọ láti lọ sọ wọ́n nù. Ẹgbẹ́ olóògùn yọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyìí, gbogbo ìgbà ni. Kò wúlò fún Tíṣà Kékeré mọ́.

Ìwọ tó ò ń ka ìtàn yìí, bóyá oògùn lò ń tà ni o, bóyá epo, bóyá oúnjẹ, bí ẹni tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ bá ṣàdédé bèèrè ohun tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, má fi ẹ̀rù tìrẹ kún ẹ̀rù tirẹ̀. Pè é. Bi í pé kí ni oníbàárà rà gan-an. Kí ìwọ náà tó kọ bébà mìíràn, ka iye ọjà tó ti wà lọ́nà. Bí ọjà bá wà lọ́wọ́ rẹ tí ẹlòmíì ń wá a, jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò sí, nígbà tí o kò tíì bèèrè. Bí ẹ bá ń bínú síra yín, ẹ jà tán kí ẹ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn ọmọ kéékèèké ṣì máa ń wá sí abẹ́ òrùlé Káfíńtà bí ilé ìwé bá tú. Ìwé tí ọmọ náà fi ẹfun kọ kẹ́yìn ṣì wà lára pákó kan níbẹ̀. Káfíńtà kò tíì ta pákó náà fún ẹnikẹ́ni.