Èèrà Ẹ̀yìnkùlé Télọ̀

Ọgbẹ́ tí kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ ló pa ẹ̀gbọ́n télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́-Á-Lọ. Abẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ̀, kò jinná, títí ó fi gbé ọkùnrin bí igi àràbà ṣánlẹ̀. Kí Ọlọ́run má fi ikú tí a ò mọ ìdí rẹ̀ kàn wá.

Kò pẹ́, ojú télọ̀ náà, Abẹ́rẹ́-Á-Lọ, arán-ṣọ-má-fi-ojú-òwú-hàn, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Bó ti ń mumi ni òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ìtọ̀ kì í sì í jẹ́ kó jókòó ti máṣíìnì. Opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ránṣọ, ló ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin fà á lọ sẹ́yìnkùlé. "Bùọ̀dá mi, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo ibi tẹ́ ẹ tọ̀ sí."

Èèrà ti bo ibẹ̀ pitimu.

"Ọmọ ogun ìyàwó wa nìyẹn! Ó jẹ ẹ̀gbọ́n wa tán, òwú tó ń bá yín bọ abẹ́rẹ́ ló fi ń di yín lójú. Ẹyẹ ń ké lórí páànù wa, ẹ ní ẹyẹlé ni!"

"Á jẹ iyán rẹ̀ níṣu!" ni télọ̀ wí.

Lọ́sàn-án gangan, ó ju máṣíìnì opó náà sí títì, ó dúró ní oríta, ó figbe ta: "Àjẹ́ rèé o! Òun ló jẹ ọkọ ẹ̀!"

"Ọkọ mi, èmi?"

"Má pè mí lọ́kọ! Ẹyẹ ẹ ni kó o pè lọ́kọ!"

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé aṣọ fún obìnrin náà rán mọ́.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Ẹni tí wọ́n pè ní àjẹ́ ti kó lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, ojú télọ̀ ò yéé kú. Ìgbà tí télọ̀ fi sísọọ̀sì gé ìka ara rẹ̀ mọ́ aṣọ ló tó gba ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ. Dókítà náà tanná sí ẹyinjú rẹ̀.

"Bàbá, ṣé èèrà máa ń ṣùjọ síbi tẹ́ ẹ bá tọ̀ sí?"

Télọ̀ fò dìde. "Ta ló sọ fún yín? Àbí ẹ̀yin náà wà lẹ́gbẹ́ wọn?"

"Ṣúgà inú ìtọ̀ yín ni wọ́n ń lá. Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe yín, ó sì ti pẹ́. Ó ti ba iṣan ẹ̀yìn ojú jẹ́. Èyí tó ti lọ nínú ìríran yín lè má padà. Ìyókù la máa jà fún. Ṣé ẹnìkan nínú ẹbí yín ti ní egbò tó kọ̀ tí ò jinná rí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni télọ̀ wí. "Abẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni."

Ọlọ́kadà kan sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ilé tuntun opó náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó wa, dárí jì mí. Àìsàn ni, kì í ṣe ìwọ."

"Oríta tẹ́ ẹ ti pè mí ní àjẹ́, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ ọ́."

"Mi ò ríran débẹ̀. Fà mí lọ́wọ́."

Opó náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò ju ewúro lọ.

"Ọkọ mi, ojú tẹ́ ẹ fi rí àjẹ́, òun náà ni kẹ́ ẹ fi wá ọ̀nà."

Ó ti ilẹ̀kùn. Télọ̀ yíjú sí títì, ó ń fọwọ́ tọ ògiri lọ.