Àṣìṣe Ojú Pátákó

Ọmọ ilé-ìwé mẹ́rìnlá ló na gbalaja sórí iyanrìn lọ́sàn-án gangan, orí àwọn kan kan ẹsẹ̀ àwọn mìíràn, olùkọ́ wọn sì dúró lórí bẹ́ǹṣì, ó na fóònù sókè, ó ń pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má mira. Híjáàbù aláwọ̀ ewé ló wọ̀, iyanrìn sì ti kún bàtà rẹ̀. Ohun tí Mùtàlíbù onítáìsì bá pàdé nìyẹn nígbà tó gbé páálí táìsì léjìká wọ ọgbà ilé-ìwé náà ní Mowé. Ó kọ́kọ́ rò pé ìjàǹbá ló ṣẹlẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ibẹ̀ yẹn!" ni olùkọ́ náà ké. "Ẹ fẹ́ tẹ igun wa mọ́lẹ̀."

"Igun wo? Ọmọ ni mo rí o."

"Àwọn ọmọ yẹn ni igun náà. Wọ́n fi ara wọn ṣe ọgọ́ta dígírì, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń wò wọ́n láti ilé."

Mùtàlíbù sọ páálí kalẹ̀. Ó wo ìlà àwọn ọmọ náà bó ṣe máa ń wo igun yàrá kó tó gé táìsì. "Kò tó ọgọ́ta," ló wí. "Ó fi bíi márùn-ún dín."

Háà, ariwo sọ! "Àǹtí, wọ́n ti rí i! Wọ́n ti rí àṣìṣe òní!" Àwọn ọmọ fò dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, pàtẹ́wọ́ mìíràn sì ń jáde láti inú fóònù. Ojú ti Mùtàlíbù, kò mọ ohun tí òun ṣe.

Rasheedah, olùkọ́ ìṣirò, sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ṣàlàyé fún un. Wọ́n ń tún ilé-ìwé náà kọ́, yàrá ò tó. Nítorí náà, ìdajì kíláàsì á wá lónìí, ìdajì á máa gbọ́ ẹ̀kọ́ lórí fóònù nílé, wọ́n á sì pààrọ̀ lọ́la. Àwọn olùkọ́ kan ń ka ìwé sínú fóònù, àwọn ọmọ tó wà nílé sì ń sùn. Rasheedah ò gba ìyẹn. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe kan pamọ́. Ẹni tó bá rí i, ì báà wà nílé, ì báà wà níbí, òun ló ni pàtẹ́wọ́.

"Ta ló fẹ́ sùn níbi tó ti lè mú olùkọ́ rẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló kọ́ yín ní ìṣirò?"

"Ilẹ̀ ilé àwọn èèyàn ni."

Àwọn kan máa ń sọ pé ìfẹ́ ń fẹ́ sùúrù. Ó ṣeé ṣe. Tàwọn méjì yìí ò gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Rasheedah ní òun fẹ́ àfọ́kù táìsì tí òun máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìdá nǹkan, pé àwọn tó wà nílé á fi búrẹ́dì ṣe tiwọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mùtàlíbù gbé garawa kan wá. Ó ti fi òkúta yún etí àfọ́kù kọ̀ọ̀kan títí tó fi dán, kó má baà gé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, kí ni ẹ fẹ́ kí obìnrin ṣe sí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀?

"Èyí tó o ní kí n fọ́ yìí, tuntun ni o," ni Mùtàlíbù sọ lọ́jọ́ kan. Ní àkókò yẹn, wọ́n ti ń pe ara wọn ní "ìwọ".

"Fọ́ ọ. Ìdá mẹ́ta ni mo fẹ́."

"Ọkàn mi ńkọ́, ìdá mélòó lo fẹ́ níbẹ̀?"

"Odindi, olówó orí mi. N kì í gba àbọ̀."

Mùtàlíbù ò fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ó ní ọmọ Ìkìrun lòun, pé Ìbafọ̀ lòun gba yàrá kan sí. Ó ní nígbà tí bàbá òun kú, òun wà ní SS2, òun sì fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ táìsì. Rasheedah ní òun gbọ́, pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé wọ́n lè jọ parí ìwé náà tó bá wù ú. Ó wù ú. Láti ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, Mùtàlíbù á jókòó sórí páálí pẹ̀lú ìwé ìṣirò lórí orúnkún, simẹ́ǹtì funfun ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà ni Ìfọ̀, nílé Àlááji Bùrẹ́ímọ̀, bàbá Rasheedah. Awakọ̀ ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì pọ̀. Mùtàlíbù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn.

"Ìwé wo lo parí?"

"Mi ò parí, sà. SS2 ni mo dé."

"O ṣeun tó ò parọ́ fún mi." Àlááji dìde. "Mo ti fi ọmọ kan fún ẹni tí kò kàwé. Fàsílátù nìyẹn nínú yàrá, òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ méjì. Ọdún mẹ́fà ló fi jìyà kó tó padà wálé. Mi ò tún ṣe irú ẹ̀ mọ́. Ó dàárọ̀ o, ọmọ mi."

Mùtàlíbù padà sí Ìbafọ̀, kò sì gbé fóònù mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Kí ló rò pé òun ń ṣe? Ní ọjọ́ kẹrin, Rasheedah wọ ọ̀kadà lọ bá a níbi iṣẹ́, ó dúró lórí táìsì tí Mùtàlíbù ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, tí kò tíì gbẹ, ìyẹn sì ká a lára ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lọ.

"Ṣé bàbá mi lo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Rasheedah, ọ̀rọ̀ wọn ò burú. Ọmọ wọn jìyà."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo lọ kó ẹrù ẹ̀ wálé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fẹ́ ọ láìjẹ́ pé wọ́n gbà. Àmọ́ wọn ò tíì rí ọ. Ìwé tó o kà ni wọ́n wò, wọn ò wo ojú ẹ." Ó nawọ́ sí i. "Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn òbí ń bọ̀ wá wo kíláàsì. Lẹ́ẹ̀kan ní sáà, mo máa ń pe oníṣẹ́ ọwọ́ kan kó wá kọ́ àwọn ọmọ. Ní sáà tó kọjá, télọ̀ ni. Ìwọ ló kàn. Màá pe bàbá mi."

"Èmi? Kí n dúró síwájú èèyàn?"

"Ìwọ ni, àyànfẹ́. Gẹ́gẹ́ bí o ṣe ń ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ fún mi lórí páálí, kọ́ wọn bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, yàrá kún fọ́fọ́. Fóònù wà lórí igi níwájú, ojú àwọn ọmọ tó wà nílé sì tò sínú rẹ̀ láti Magboro dé Àgbàdo. Àlááji Bùrẹ́ímọ̀ jókòó sẹ́yìn. Bó ṣe rí ẹni tó dúró nídìí pátákó, ojú rẹ̀ le. Ó fẹ́ dìde, ó wo àwọn èèyàn lọ́tùn-ún lósì, ó jókòó padà. Mùtàlíbù rí i. Ó mọ̀ pé bí òun bá ba ti òní jẹ́, kò tún sí ìgbà mìíràn.

Ó ní kí àwọn ọmọ wọn ilẹ̀ yàrá náà, kí àwọn tó wà nílé máa kọ ọ́ sílẹ̀. Irínwó sẹ̀ǹtímítà ní gígùn, ọ̀tàlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ní fífẹ̀, táìsì sì jẹ́ ogójì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Táìsì mélòó la máa rà? Ó kọjú sí pátákó. Gígùn gba mẹ́wàá, ó kọ ọ́. Fífẹ̀ gba mẹ́jọ, ó kọ ìyẹn náà. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́jọ, ọgọ́rin.

"Sà!" ni ohùn kan sọ láti inú fóònù. Mùízz ni, ọmọ ọdún méjìlá, láti Magboro. "Mẹ́sàn-án ni o, kì í ṣe mẹ́jọ!"

"A ti mú wọn! A ti rí àṣìṣe òní!" Pàtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan láàárín àwọn òbí rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọlọ́gbọ́n ni ọ̀gbẹ́ni yìí, ó mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ ni." Gbogbo èèyàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ ò rí i pé ó rọrùn! Kó rẹ́rìn-ín ni, kó máa bọ́rọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mùtàlíbù wo pátákó, ó wo Àlááji.

"Rárá," ló wí. "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo ṣì í ṣe ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mùízz, o ṣeun gan-an. Bó bá jẹ́ ilé oníbàárà ni, táìsì ì bá tán kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, màá sì máa di ẹ̀bi ru ẹlòmíràn." Ó pa mẹ́jọ rẹ́, ó kọ mẹ́sàn-án, ó ní kí gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún Mùízz lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀rù ò bà á mọ́. Ó kọ́ wọn dé orí iye táìsì tó máa fọ́ lọ́nà, àwọn òbí pàápàá ń béèrè ìbéèrè.

Nígbà tí èèyàn ti ń tú ká, Àlááji Bùrẹ́ímọ̀ rìn wá síwájú. Mùtàlíbù dọ̀bálẹ̀, Rasheedah kúnlẹ̀.

"Ọkùnrin tí Fàsílátù fẹ́," ni bàbá náà sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "kò ṣàṣìṣe rí láyé ẹ̀. Ọbẹ̀ jóná, Fàsílátù ló ṣe é. Òjò pa aṣọ, Fàsílátù ló ṣe é. Ọdún mẹ́fà! Mo ní torí pé kò kàwé ni." Ó mi orí. "Lónìí, ọmọ ọdún méjìlá tún ọ̀rọ̀ ṣe fún ọ níwájú èèyàn, o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Parí ìwé ẹ o, má fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má dúró dè é. Mú àwọn ẹbí ẹ wá láti Ìkìrun."

Ó gbé ọwọ́ lé orí àwọn méjèèjì, ó ṣàdúrà, wọ́n ṣe àmín, omijé sì bọ́ lójú Mùtàlíbù láìtijú.

Lẹ́yìn tí bàbá jáde, àwọn méjèèjì dúró nínú yàrá tó ti ṣófo.

"Ọlọ́run ló ní kí Mùízz rí i," ni Mùtàlíbù sọ.

"Èmi ti rí i ṣáájú Mùízz."

Ó yíjú sí i. "O rí i, o sì dákẹ́? Pẹ̀lú bàbá ẹ níbẹ̀?"

"Mo dákẹ́. Àyà mi ń já, àmọ́ mo fẹ́ gbọ́ ohun tó o máa sọ."

"Bí mo bá ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ńkọ́?"

Rasheedah di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wò ó lójú, kò sì rẹ́rìn-ín. "Màá ṣì máa nífẹ̀ẹ́ ẹ, ọkàn mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní wọlé ẹ."

Oṣù kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n so yìgì wọn ní Ìfọ̀. Nígbà tí àfáà béèrè lọ́wọ́ Rasheedah bóyá ó gbà láti fẹ́ Mùtàlíbù, kò jẹ́ kí wọ́n parí ìbéèrè náà tó fi dáhùn.