Ìyá Tí Ó Ní Àlàáfíà Ni

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Àlàáfíà... ni."

Fẹ́yìsayọ̀ tẹjú mọ́ Màmá Àṣàbí nínú fídíò lórí fóònù. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni. Ìdánwò bí a ṣe ń yẹ aláìsàn wò láti ọ̀nà jíjìn ló ń ṣe ní Ṣàngótẹ̀dó. Màmá sì wà ní abúlé apẹja létí ọ̀sà, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ti akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan.

"Kò síbi tó ń dùn yín, mà?"

"Ọlọ́run ò ní jẹ́ á... ráìsàn."

Shamsudeen, tó kàn láti ṣe tirẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Fẹ́yì, ìyá ní àlàáfíà ni! Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o dìde fún mi jàre. Àbí tipátipá lo fẹ́ fi sọ wọ́n di aláìsàn?"

Ojú ti Fẹ́yìsayọ̀. Ó kọ ọ́ pé ara Màmá yá, ó pa ìpè náà, ó sì fi ìwé sórí tábìlì Dókítà Odùbánjọ, olùkọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n kí ló gé ọ̀rọ̀ Màmá sí méjì? Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, àbí èémí? Ó dìde, ó tún jókòó. A kì í wá fìn-ín ìdí kókò lọ́wọ́ àgbà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Àmọ́ ìyá ìyá tirẹ̀ pàápàá kì í dárúkọ àìsàn. Ó ní ohun téèyàn bá fẹnu pè ló ń wá. "Olúwa, là mí lójú," ló wí, ló bá tún pe Màmá.

"Àkókò mi lo ń jẹ yẹn o!" Shamsudeen pariwo.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù jìnnà díẹ̀. Ẹ ka ení, èjì fún mi, ẹ má mí láàárín."

"Ení... èjì... ẹ̀ta..."

Màmá dúró. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọ̀n ẹja tí wọ́n sá ń fì lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn, àwòrán rẹ̀ kò dúró lójú fóònù rárá. Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì!

"Màmá Àṣàbí ọ̀wọ́n, ọjọ́ mélòó lẹ ti ń mí báyìí?" Fẹ́yìsayọ̀ béèrè.

"Ọjọ́ mẹ́ta... tí mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà ọ́ ni."

Dókítà Odùbánjọ gba fóònù, ó bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Kíá, wọ́n gbé Màmá sọ́kọ̀ ojú omi, ó di ọsibítù.

Lẹ́yìn náà ni Dókítà kọ òdo sára ìwé Fẹ́yìsayọ̀. "Wàá tún ìdánwò yìí ṣe. Ká ní o ò pè padà ńkọ́?"

Fẹ́yìsayọ̀ ká ìwé náà sápò.

Lọ́sẹ̀ kejì, Màmá pè é. "Ó yá, gbọ́: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún..." Ó ka á dé ogún láìmí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó gbọ́ ohun tí mi ò sọ, wàá rí ẹni tí yóò gbọ́ tìẹ!"

"Àmín o, mà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ń kánjú torí ẹ̀sín ẹgbẹ́, etí nìkan ni yóò máa fi gbọ́ràn.